Clarrie Venning àti Ìlú Tí Kò Mọ Òpin Fíìmù

Ọjọ́ tí Clarrie Venning yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò Trevor Maddern, tí ó sì sọ ọ́ sínú táńkì omi, gbogbo Burrandine, ìlú wa kékeré, ló wà níbẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ń parọ́ pé àwọn wà níbẹ̀. Inú sinimá Clarrie ni, níbi tí olúkúlùkù máa ń wa mọ́tò rẹ̀ wọ̀, tí a ó fi sípíkà kọ́ fèrèsé, tí a ó sì jókòó sínú mọ́tò wo fíìmù lójú pátákó páànù ńlá tí ó fi ọ̀dà funfun kùn. Fíìmù ti dé ibi tí awakọ̀ àwọn olè ti pa iná mọ́tò rẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró kan. Àwọn ọlọ́pàá ń kọjá lọ, èémí ọkùnrin náà nìkan ni a ń gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni Trevor ti ṣáná sí píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Sálúbàtà ni Clarrie wọ̀ sáré jáde láti yàrá ẹ̀rọ.

"Trevor! Ṣé orí ẹ pé báyìí? Èèyàn ń sá pamọ́, ìwọ ń ṣáná sí mọ́tò! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mú un ni?"

"Clarrie, fíìmù ni o. Wọn ò lè gbọ́ mi."

"Èmi gbọ́ ẹ!"

Ó na ọwọ́ gba fèrèsé, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, a sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bọ́ sínú omi. A rò pé tipátipá ni Trevor yóò fi jókòó báyìí. Trevor sọ̀ kalẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó gbé sípíkà padà sórí òpó rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Clarrie ń pariwo tẹ̀lé e títí ohùn rẹ̀ fi há: "O ò ní mọ bó ṣe parí títí wàá fi kú, Maddern! Títí wàá fi kú!"

Eruku ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó ti ẹnu géètì Clarrie wọ ìlú, eruku pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde yóò rí afẹ́fẹ́ mí. Gbogbo àwọn tó kù yóò jẹ eruku rẹ̀ délé. Nítorí náà ni gbogbo Burrandine ṣe máa ń dìde kí fíìmù tó parí. Bàbá ló fi kọ́ ọmọ. Bàbá Trevor ni a kò tíì rí ẹni tó yá jù ú, Trevor sì jogún rẹ̀. Ìlú tó ti wo fíìmù láti ìgbà tí wọ́n ti dá sinimá náà sílẹ̀, kò mọ òpin ẹyọ kan! Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ó sì ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé fíìmù awakọ̀ yẹn dára. Àwọn fíìmù tó kù, láti ìlú ńlá Adelaide ni wọ́n ti ń wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń padà sí. Èyí nìkan ni ó jẹ́ ti Clarrie, ó sì ń fi í hàn ní gbogbo Sátidé tó bá parí oṣù. Awakọ̀ inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Aṣọ rẹ̀ kì í rún. Kí ó tó gbéra, yóò bó ọsàn kan, èèpo rẹ̀ kò sì ní já. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bá wá ń lé e nínú òjò, tí gbogbo títì ń dán, kò ní sí orin kankan, àfi tráfíkétọ̀ rẹ̀: tá, tá, tá. Wọ́n ń lé e lọ́wọ́, ó ń fi tráfíkétọ̀ hàn kí ó tó yà! Bí ó bá ti dé ibẹ̀, Clarrie á máa lu ògiri yàrá ẹ̀rọ. "Ẹ wò ó! Olè ni, ṣùgbọ́n ó níwà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe olè, níbo ni tiyín wà?"

Nígbà tí Clarrie wá kú lẹ́yìn náà, oníwàásù tí wọ́n pè wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni àlàáfíà tí kì í gbóhùn sókè. Irọ́ ńlá! Ijọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lórí ìjókòó iwájú, Noelene ìyàwó Clarrie sọ ọ́ síta pé, "Ta ni wọ́n ń sin?"

Ibi tí jẹ́jẹ́ rẹ̀ wà ni ìwakọ̀. Clarrie á lọ aṣọ rẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́, á bó ọsàn, gbogbo rẹ̀ láti lọ ra páì ẹran. Lẹ́yìn náà, á wá wa mọ́tò bí ẹni pé ẹyin ló kó sẹ́yìn. Ọlọ́pàá tuntun kan dá a dúró lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ mọ ìdí tí mo fi dá yín dúró?"

"Ṣé mo sáré jù ni?" Inú Clarrie ti ń dùn.

"Rárá o, bàbá. Ẹ ń rọra jù. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín fẹ́ débi tí wọ́n ń lọ lónìí."

"Ṣé mo fi tráfíkétọ̀ hàn ṣá?"

"Ẹ fi hàn, bàbá. Láti ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ ti ń fi hàn bọ̀."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òpin fíìmù wá sú u pátápátá, ó fi ṣéènì ti géètì ní Sátidé kan lẹ́yìn tí gbogbo wa ti wọlé. "Lónìí, ẹ ó jókòó!" Ṣùgbọ́n pápá Trevor ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí àkókò eruku ti tó, Trevor gé wáyà ọgbà ara rẹ̀, ó gba inú pápá lọ, gbogbo mọ́tò sì tẹ̀ lé e. Àgùntàn Trevor gba ojú ihò náà wọlé, wọ́n sì dúró síwájú pátákó. Clarrie kọ̀, kò pa ẹ̀rọ. Noelene ní ọkọ òun bọ́ sí àárín wọn, ó sì ń ṣàlàyé fíìmù fún wọn. Àgùntàn Maddern ló mọ òpin rẹ̀ ṣáájú Maddern.

Ìgbà tí àìsàn dá Clarrie dùbúlẹ̀, Trevor lọ kí i ní ilé ìwòsàn. Ó jókòó, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Clarrie, jọ̀ọ́, sọ bó ṣe parí fún mi."

"Lọ wò ó!"

"O wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, o ṣì ń ṣagídí!"

"Mo ń ṣe é! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́, kí gbogbo yín jókòó títí yóò fi parí. Ṣé owó ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá? Ìjókòó lásán!" Ó wú ikọ́, ó sì yíjú sí ògiri. "Jáde, kí eruku má bà á bá ẹ."

Ó kú kí Sátidé ìparí oṣù tó dé. Mo bínú sí ikú, mo sì bínú sí ìlú wa. Kí ló ná wa láti jókòó?

Sátidé yẹn, Noelene fúnra rẹ̀ ló tan ẹ̀rọ. Gbogbo ìlú wá. Awakọ̀ bó ọsàn rẹ̀. Ó pa iná mọ́tò nínú ọ̀nà tóóró, kò sí ẹni tó húkọ́. Àkókò eruku dé, ó kọjá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. A wá rí òpin rẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí iná. Awakọ̀ náà nìkan ló wà lójú ọ̀nà lẹ́bàá òkun, gbogbo àwọn tó ń lé e ti sọnù. Ó dé ibi tí yóò yà sí ilé rẹ̀. Kò sí ẹnì kan níwájú, kò sí ẹnì kan lẹ́yìn. Ó fi tráfíkétọ̀ hàn, ó sì yà.

Ó parí. Pátákó funfun báláú, kò sì sí ẹni tó ṣáná. Ojú ń ti gbogbo wa láti kọ́kọ́ lọ. A jókòó títí tí Noelene fi jáde, tí ó fi ohùn ọkọ rẹ̀ pariwo pé: "Ẹ máa lọ sílé! Ṣé ibí lẹ máa sùn ni, ẹ̀yin òmùgọ̀?" Ẹ̀rín bú jáde láti fèrèsé dé fèrèsé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mo dúró ti Noelene ní ẹnu géètì. Trevor Maddern kò kúrò níbi tó wà. Ó ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n máa lọ, títí ó fi ku òun nìkan. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti pupa fún eruku gbogbo ìlú, ó sì ń wúkọ́.

"Ó dáa, Noelene," ó wí. "Òpin ẹ̀ dáa gan-an."

"Clarrie kúkú sọ fún ẹ."

"Kò sọ fún mi. Ó bú mi ni."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu ẹ̀."

Trevor mi orí. Lẹ́yìn náà a rí i tí ó tan tráfíkétọ̀, tá, tá, tá, láìsí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò rí i, ó sì rọra yà sí ọ̀nà ilé.