Ọ̀rọ̀ Tí Oyèdélé Gbà Padà

Bí Wúlẹ̀mọ̀tù bá fẹ́ gbọ́ ohùn tí Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wọn fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù, orí ìkúnlẹ̀ ni ẹ óò bá a. Á gbé fóònù sórí àga, á tún ìborùn rẹ̀ ṣe, á kúnlẹ̀ síwájú àga náà, kó tó tẹ ibi tí ohùn wà. Ìyá Àdínnì wà nílé tirẹ̀ lápá kejì Ungwan Dosa, kò rí i, kò sì mọ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹni tó wà nínú fóònù kò rí orúnkún ẹnikẹ́ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé torí pé wọn ò rí mi ni mo ṣe máa jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà?" Mi ò dá sí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé, àwa opó méjì. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun ṣì ń ta bọ́tìnnì, sípù àti òwú ìránṣọ, àwọn télọ̀ sì ń pè é ní Hajiya Mai Zare nítorí òwú rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Èmi ni mo máa ń bá a ka ohun tí wọ́n bá kọ sórí fóònù rẹ̀, torí pé kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Tirẹ̀ ni kó fi ohùn ránṣẹ́. Á kí ẹni náà, á kí ìyàwó rẹ̀, á kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, á kí wọn kú ọyẹ́ tàbí kú oòrùn. Nígbà tí yóò bá fi dé orí ohun tó fẹ́ sọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti yẹ̀, ohùn á ti lọ, á wá fi òmíràn ránṣẹ́. Ọládiméjì ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá kì í gbọ́ àkọ́kọ́ rárá. Èkejì nìkan ló máa ń gbọ́, á sì fi àwòrán ẹ̀rín músẹ́ dáhùn ìkíni tí kò gbọ́. Mo mọ̀, mi ò kàn sọ ni.

Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún un láyé ni Oyèdélé, káfíńtà tó ń kan òrùlé ní Sabon Tasha. Ìyá kan, baba kan ni wọ́n. Wúlẹ̀mọ̀tù ń kírun, Oyèdélé jẹ́ díákónì, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n jà lórí ìyẹn rí. Ohun tí wọ́n máa ń jà lé lórí ni ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ń wo sítátọ́ọ̀sì, ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbé àwòrán sí kí gbogbo ayé lè rí i. Ó gbé fóònù wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Tíṣà, Tómilọ́lá rèé. Ta ni ọmọkùnrin tó dúró tì í yìí, kí sì ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Mo wò ó. Tómilọ́lá ni ọmọ Oyèdélé. Matilda, ìyá rẹ̀, ló gbé àwòrán náà síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá mọ ẹbí ìyàwó ní Sátidé. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi dùn ún. Lọ́dún tí ìlú dàrú, tí ẹnikẹ́ni kò lè ré kọjá afárá, ọ̀dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù ni Tómilọ́lá bọ́ sí, ọmọ kékeré ni nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà títí ìlú fi rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ni àgbà obìnrin tó kù nínú ẹbí wọn, òun ló yẹ kó jókòó gba àwọn àna. Bí ìjókòó yẹn bá ṣófo, àwọn àlejò á kàn jẹun lọ ni, ètò kò tíì wáyé lójú ẹbí. Ó wá jẹ́ pé orí fóònù ló ti gbọ́, òun àti gbogbo ará ọjà Matilda.

"Mi ò lọ," ló wí. "Kí wọ́n gbé sítátọ́ọ̀sì jókòó síbẹ̀."

Oyèdélé pè é nírọ̀lẹ́, kò gbé e. Ó tún pè é, Wúlẹ̀mọ̀tù fi ìrọ̀rí bo fóònù náà mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí Tómilọ́lá fi pe èmi.

"Màmá Tíṣà, don Allah, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá jókòó síbẹ̀, mi ò ní jáde síta. Su koma gida kawai."

Ó ní kí àwọn àna máa padà sílé wọn. Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Agídí tó wà lára ẹni tó pọ̀n ọ́n wà lára òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, Wúlẹ̀mọ̀tù ń kírun Ásárì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, tó tún dún, tó sì tún dún. Ó sálámà tán, ó gbé e wá. Àkọsílẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Oyèdélé, bákan náà ni gbogbo wọn.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́."

"Ta ló pa á rẹ́?"

"Oyèdélé fúnra rẹ̀ ni."

"Ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó sì gbà á padà."

"Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta?" Ó jókòó tì mí. "Tíṣà, bí èèyàn bá gbé abọ́ ìrẹsì síwájú rẹ, tí o lọ fọwọ́, tí o padà wá, tí o rí i pé ó ti gbé abọ́ náà lọ, kí lò ń pe ìyẹn?"

Òótọ́ ni pé kò dára. Ó ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn mọ́ Oyèdélé nínú fóònù náà, kí ó má lè wọlé mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, mo ní ó ti parí. Mi ò ti nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, fóònù tún dún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tó sì máa fi fọwọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti tún pa rẹ́.

"Ṣebí o ní o ti tì í?"

"Ó jọ pé ojú fèrèsé ló gbà wọlé," mo fún un lésì.

Inú bí mi wàyí. Àgbàlagbà méjì fẹ́ ba ọjọ́ ọmọ jẹ́ nítorí fóònù. Mo gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ ibi tí èèyàn ti ń rí ojú ẹni tó ń pè, mo fi pe Oyèdélé, mo sì gbé e sí i níwájú kó tó lè sá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó gbé e. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni òrùlé. Lẹ́yìn náà a rí ẹsẹ̀ tábìlì, a wá rí irun funfun, àti iwájú orí kan tó kan sìmẹ́ǹtì.

"Oyèdélé, kí lò ń wá nílẹ̀?" Wúlẹ̀mọ̀tù ló gbàgbé pé òun ò bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta lo dọ̀bálẹ̀ fún? Ṣé mo wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ohùn bẹ̀. Mi ò lè jókòó kí n máa bẹ̀ yín."

Wúlẹ̀mọ̀tù wo fóònù. Ó wá wo iwájú àga rẹ̀, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti gbó nítorí ìkúnlẹ̀. Kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n èmi wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Kí ló dé tí o ń gbà á padà?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Ìbàdí mi ni. Láti ìgbà tí mo ti jábọ́ lórí àkàbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, ìkérora ló máa ń kún inú ohùn náà. Tí mo bá tún un gbọ́, ó máa ń dà bí ẹni pé mò ń ráhùn sí yín. Mo ń pa á rẹ́ kí n lè ṣe èyí tó mọ́."

"Ó ti tó. Dìde."

"Mi ò lè dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Matilda ló gbé mi dìde lánàá, ó sì ti lọ sọ́jà."

Bàtà inú ilé ni Wúlẹ̀mọ̀tù wọ̀ jáde. A gba kẹ̀kẹ́ NAPEP odindi, ó sì ń lu ìjókòó awakọ̀ náà lẹ́yìn pé kó yára. Ọmọ Hausa náà ní, "Hajiya, lafiya?"

"Ƙanina ne yake kwance a ƙasa."

Ẹ̀rù ba ọmọ náà bó ṣe gbọ́ pé àbúrò ìyá yìí wà nílẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Subhanallahi. Ba shi da lafiya?"

"Lafiyarsa ƙalau. Gaisuwa yake yi."

Ó ní ara àbúrò òun le koko, ìkíni ló ń kí. Awakọ̀ náà wò wá nínú dígí, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ré kọjá odò tí a fi dé Sabon Tasha.

Ilẹ̀kùn kò tì. Oyèdélé wà bí a ṣe rí i, fóònù wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti dì í mú, Wúlẹ̀mọ̀tù ní kí n dúró ná. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Àjàní," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba baba wọn. Kò kánjú. Ó mú ilé kọ̀ọ̀kan, ó mú oko kọ̀ọ̀kan, ó mú ẹṣin tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbàdí mi o," ni Oyèdélé wí láti ilẹ̀.

"Mo gbọ́. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá wa."

Ibẹ̀ ni Matilda bá wa. Ó rí ọkọ rẹ̀ gbalaja, ó rí ìyá méjì tó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, àpò ọjà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àlùbọ́sà yí wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà ṣì ń mí, ó kúnlẹ̀ sáàárín àlùbọ́sà. Ọmọ Kachia ni Matilda, Yorùbá àti Hausa ló máa ń pò pọ̀.

"Màmá, don Allah, ku yi haƙuri, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbé fótò síta. Inú mi dùn jù ni."

"Inú dídùn rẹ ló dá ọkọ rẹ dùbúlẹ̀ yìí," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Di apá ọ̀tún rẹ̀ mú."

A gbé e dìde, a gbé e ka àga. Ó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fi pamọ́. Ojoojúmọ́ lòun ń ní ọ̀la lòun máa wá sí Ungwan Dosa, ìbàdí kò sì jẹ́.

"O ò bá fi ohùn sọ fún mi."

"Ọmọ tí ẹ pọ̀n?" ni Oyèdélé wí. "Ojú yín ni mo fẹ́ kó ṣe."

Wúlẹ̀mọ̀tù ń ṣa àlùbọ́sà nílẹ̀. Ó ṣà á pẹ́ ju bí àlùbọ́sà ṣe pọ̀ tó lọ.

Ní Sátidé, ó jókòó. Aṣọ àlàárì ìyá wọn ló ró, ó sì kún inú àga náà dẹ́múdẹ́mú. Nígbà tí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀, ó kọ́kọ́ bi í bóyá ìbàdí rẹ̀ dára. Ọmọ náà ní ó dára. Ó ní, "Ó dáa, má tíì dìde," ó sì kì í tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà fi ń wo ara wọn. Tómilọ́lá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìbòjú rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà nu ojú mi.

A padà délé nírọ̀lẹ́, mo gbé ọbẹ̀ kaná. Mo gbọ́ tí Wúlẹ̀mọ̀tù ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pè mí.

"Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á padà?"

Mo fi hàn án. Kò pẹ́ rárá tí fóònù fi dún, Oyèdélé ló pè, ẹ̀rù sì wà lóhùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé ẹ gba ọ̀rọ̀ kan padà. Ṣé mo tún ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá, Àjàní. Mo ń dúpẹ́ pé o jẹ́ kí n jókòó síbi tí ìyá wa ì bá jókòó sí ni. Mo tún un gbọ́, ẹkún ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Oyèdélé ní, "Ẹ tún un fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má yọ ẹkún náà."

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé fóònù sórí àga, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mi.