Ohun Tí Ìyá Onímítà Kọ Síwèé

Ìyá Onímítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń fẹsẹ̀ rin ìlú ńlá náà, tó ń ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ má dán an wò láti sọ fún un pé iṣẹ́ ìyà ni o. Á ní kí ẹ lọ jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga yín.

Ìwé ilé iṣẹ́ ní àyè kan tí wọ́n kọ “Àkíyèsí” sí. Mítà tó bà jẹ́, páìpù tó ń jò, ìyẹn ni wọ́n ní kí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá ṣe páìpù ńkọ́? Ìyá Onímítà ń kọ tirẹ̀: “Ilé kejìlá: oòrùn wọnú báàfù omi, ìmọ́lẹ̀ ń jó lára ògiri. Ilé kẹtàdínlógún: bàbá àgbà ń di irun fún ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ìlà irun náà wọ́, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.”

Ọ̀gá tuntun dé, ó ka ìwé, ojú ẹ̀ le koko.

“Ìyá, ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ fi àkókò ilé iṣẹ́ ṣòfò, ẹ ò sì ní kọ irú ẹ̀ mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé.”

Ìyá wo bébà tí ọ̀gá tẹ́ síwájú ẹ̀. Ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ọ̀gá rọra fà á láṣọ: “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ò tíì tẹ èèkù idà. Ẹ fọwọ́ sí i jàre.”

Ìyá kọjú sí ọ̀gá. “Ọ̀gá, ṣé mo ti ṣi mítà ẹnikẹ́ni kà rí?”

“Rárá.”

“Ṣé mo fo ilé kankan?”

“Ẹ ò fo ilé kankan, ṣùgbọ́n—”

“Ojú lẹ ní kí n fi ka mítà. Ẹ ò lè ní kí n máa dijú tí mo bá kà á tán.”

Ọ̀gá ti bébà sún mọ́ ọn. Ìyá mú bírò, akọ̀wé mí kanlẹ̀. Níbi tó yẹ kó fọwọ́ sí, ìyá kọ ọ́ gàdàgbà: “Yàrá ọ̀gá: ewé tútù kan hù láti inú ògiri tó sán. Ọ̀gá ò tíì rí i.”

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó jáde. Ó dùn ún o, ẹ má jẹ́ ká purọ́; ẹkún gbọ̀n ọ́n lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó dé òpópó, obìnrin kan ń gbọn aṣọ ibùsùn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, afẹ́fẹ́ gbà á, aṣọ náà wú bòǹbò. Ìyá dúró, ó wò ó títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó máa bi í mọ́ pé kí ló mú un pẹ́.