Iná Tó Kẹ́yìn Lójú Ọ̀nà Ọgbà

Bàbá Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe dàgbà, òun náà ló ṣe darúgbó. Bó bá mọ ògiri tán, yóò di ojú kan, yóò fi ìkejì wò ó láti òkè délẹ̀. Bí kò bá lábùkù, yóò ní, "Ó gún régé." Bó bá wọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní í sọ ọ́. Wíwó ló máa wó o, kódà kí onílé ní ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Òun ló kọ́ ilé tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tọ́mọ gbéyàwó, bàbá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan lẹ́yìnkùlé, ó ní káwọn ọmọ lè mí dáadáa. Wọ́n sì ń mí o! Kò sẹ́ni tó bi í bóyá òun náà ń rí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, yóò gba ojú ọ̀nà olókùúta inú ọgbà òdòdó wá sí pálọ̀, yóò bá wọn jẹun, yóò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣàwàdà. Oúnjẹ kọ́ ló ń wá lọ, ojú èèyàn ló ń wá lọ.

Ojú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀gùn iwájú yàrá rẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, gbé e ṣubú. Látìgbà náà, ìyàwó ọmọ ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Á ní, "Bàbá, oúnjẹ yín rèé o," á ti yí padà. Bàbá ń dá jẹun, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti pálọ̀.

Nítorí náà, nígbà tọ́mọ ní òun fẹ́ fi iná sójú ọ̀nà ọgbà, inú bàbá dùn bíi kó fò. Ó bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó fẹ́ èyí tó ń tàn sókè sára òdòdó. Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ àwọn iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyẹn ń gún mi lójú. Èyí tó dé fìlà yìí ni kẹ́ ẹ rà. Ilẹ̀ ló ń tàn sí, èèyàn á rí ibi tó ń tẹ̀."

"Èyí tẹ́ ẹ bá mú la ó rà, Bàbá," lọmọ dáhùn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó rò pé àsìkò ọmú ti tó.

Lọ́jọ́ kejì, oníná dé. Ó ṣàlàyé fọ́mọ, bàbá sì wà níbẹ̀: "Ọ̀gá, agbára iná yìí kéré, kì í ṣe bíi ti inú ilé. Bí wáyà bá ṣe ń jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń fún un níná, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́. Àwọn gílóòbù tó gbẹ̀yìn á kàn máa ràn bàìbàì ni. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Bàbá, ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ká ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ kẹ̀?" lọmọ bi í. "Ẹnu géètì làlejò ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

"Ẹ jẹ́ ká wá ra wáyà tó nípọn."

"Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn náà ti tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá ń retí kọ́mọ ṣáà bojú wẹ̀yìn wo òun lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ò wẹ̀yìn. Ṣé kí bàbá wá máa tọrọ ìmọ́lẹ̀ nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni? Ó dùn ún dé egungun, ẹ jẹ́ n wí i bó ṣe rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, àlejò kún iwájú ilé. Ẹnu géètì mọ́lẹ̀ yòò. Bàbá wọ aṣọ tó mọ́, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Iná tó kẹ́yìn pọ́n bí ẹnu sìgá tó fẹ́ kú. Ibi àtẹ̀gùn ṣókùnkùn biribiri. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, kò rí ibi tẹ̀, ó fà á padà.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́ yẹn: "Nítorí bàbá mi ni mo ṣe ṣe é o. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

"Ọmọ gidi!" làwọn àlejò ń wí. "Bó o ṣe ń tọ́jú bàbá ẹ yìí, bẹ́ẹ̀ náà lọmọ tìẹ á ṣe tọ́jú ẹ!"

"Àmín o!" Ọmọ fi gbogbo ẹnu ṣe é. Ó wá kígbe sí ẹ̀yìnkùlé, "Bàbá, ẹ ti rí i? Ṣé ó dáa?"

Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń retí.

"Ó gún régé," ni bàbá wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí àpótí níbi tí ìyàwó ọmọ gbé e sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò wá.