Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Lọ́jọ́ Ìwádìí

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ láti Òkè-Ìlá wá ṣe ìwádìí nílé wa ní Ìlá, inú mi ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n máa ń wádìí kí wọ́n tó gbé ìyàwó? Ṣé kò sí wèrè nílé yín? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Èmi rèé, ọwọ́ ọ̀tún mi funfun báláú láti ìka dé ọrùn ọwọ́, bí ti ìyá bàbá mi gẹ́lẹ́. Àfẹ́sọ́nà mi mọ̀, kò bìkítà. Ṣùgbọ́n bí màmá yìí bá ní rárá, ó parí nìyẹn.

"Fi ìborùn bò ó," ni màmá mi wí. "Má jẹ́ kó yọ síta o!"

Mo bò ó. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo sì fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àlejò.

Yéè! Ọwọ́ òsì! Fún àgbàlagbà! Màmá mi dorí kodò. Àlejò wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ nílé? Àbí ọwọ́ ọ̀tún rẹ rọ ni?"

Ẹ̀rín òpònú bá mú mi, mi ò lè dá a dúró. Mo ká ìborùn kúrò. "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara mi tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló ṣì mí mú, wọ́n ń bá onílé jà bí ẹni pé olè ni. Kì í ranni, àmọ́ ó máa ń rìn nínú ìdílé."

Ó wo ọwọ́ náà títí. Lójijì ló fa gèlè rẹ̀ yọ. Irun rẹ̀ ti re dànù níhìn-ín lọ́hùn-ún, róbótó róbótó, ó ń dán.

"Ogun yẹn náà ló jà mí," ló wí. "Bàbá ọkọ rẹ ńkọ́? O rò pé lásán ló ń fá orí kodoro? Ó ní oge ni!"

Háà! A rẹ́rìn-ín títí màmá mi fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ tí ẹ bá bí ńkọ́?" ni àlejò bi mí.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. "Ó lè mú wọn, mà, ó sì lè má mú wọn. Wọ́n lè jogún ara tí irú ogun yìí tètè ń jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kó jà wọ́n. Dókítà ò lè ṣèlérí."

Àlejò ká gèlè rẹ̀ lé itan. "Títí ọkọ mi fi kú, kò rí orí mi rí. Bí mo bá fẹ́ fọ irun, mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mi tí o máa bí, má kọ́ wọn láti máa bò ó o."

Àwọn ọmọ mi, ló wí. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bú sẹ́kún.