Abo Ẹyẹlé Ara Odi

Bíríkìlà ni Malachy Devenny kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ odi tó pín àwọn Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì níyà ní àdúgbò rẹ̀ ní Belfast, tó sì gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá, kò tẹ òdìkejì mọ́: ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Àwọn ẹyẹlé tó fi ń sá eré ìje nìkan ló ń fò kọjá, tí wọ́n sì ń padà.

Nínú oṣù karùn-ún, ọ̀kan kò padà. Abo aláwọ̀ eérú ni, ìyẹ́ funfun kan ṣoṣo wà ní apá òsì rẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ìran ẹyẹlé tí Fintan, àbúrò Malachy tó ti kú, fi sílẹ̀. Bí ó bá sọnù, ìran náà parun nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí wọ́n ṣe ń ti máàsì bọ̀, Dympna aládùúgbò rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ẹyẹlé yín. Ó ti di gbajúmọ̀!"

Ẹnìkan ti ya ẹyẹlé tó ga tó ọkùnrin sára odi ní ìhà tiwọn, nítòsí ẹnubodè, kò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìyẹ́ funfun náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lára òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀. Malachy kà á: nọ́ńbà ẹyẹ tirẹ̀ gan-an ni.

"Àwọn ará òdìkejì ọ̀hún ló jí i," ni Dympna wí.

"Olè wo ló ń ya ohun tó jí sára ògiri? Bí ẹyẹ bá ṣìnà wọ ilé ẹni, nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ la fi ń wá olówó rẹ̀ kàn. Ẹni yìí kò fẹ́ kí àwọn ará ọ̀hún gbọ́ pé ó ránṣẹ́ sí ará ìhín ni, ló fi yà á síbí."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Tèmi ni. Ṣé ó ń jẹun?*

Dympna bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ń kọ ọ̀rọ̀ ìjà sára odi, oúnjẹ ẹyẹ lẹ̀yin ń béèrè!"

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti ya ẹyin méjì sábẹ́ ikùn ẹyẹ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni orúkọ àdúgbò kan ní òdìkejì wà, àti nọ́ńbà ilé.

Malachy di ẹ̀wà àti àgbàdo sínú àpò, ó kọrí sí ẹnubodè tí wọ́n máa ń ṣí lójú ọ̀sán.

"Ẹ ò mú apẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi gbé e bọ̀!" ni Dympna ké tẹ̀ lé e.

"Ta ló ń gbé abo kúrò lórí ẹyin? Àwọn ọmọ Fintan ni mò ń lọ wò."

Ọkùnrin arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Ẹ pẹ́ o," ló wí. "Ẹ tètè wọlé, kí ológbò má bàa tẹ̀ lé yín."