Kíjìpá Ìyá Mi Lórí Ọkọ̀ Afẹ́

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde nínú àpótí náà kí aṣọ tó jáde. Òórùn aró ni, aró àtijọ́ tí wọ́n fi ewé ẹ̀lú ṣe, tó ti dà pọ̀ mọ́ èéfín àti káfúrà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí ọmọ mi fún mi nílé rẹ̀ ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta, oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo gbé aṣọ náà lé itan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mi ò sí ní Atlanta mọ́. Mo ti dé etí ọ̀sà, ìkùukùu ṣì bo ojú omi, mo sì di etí ìró ìyá mi mú.

"Mummy, kí ló ń rùn báyìí?"

Bọ́lá ọmọ mi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé ni, bàtà ọsibítù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló ṣètò pé kí gbogbo wa lọ gbafẹ́ lórí omi, òun àti ọkọ rẹ̀, èmi àti Tọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní second grade. Cruise ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ń pè é ní ọkọ̀ afẹ́, torí kò kó ẹrù, kò sì lọ sọ́jà kankan, ó kàn ń gbé èèyàn káàkiri kí wọ́n lè máa jẹun lórí omi ni.

Bọ́lá ti lọ sí mall, ó ti ra aṣọ tí màá máa wọ̀ wá. Ó to gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì: níkà, ẹ̀wù olódòdó tí kò lápá, àkẹtẹ̀ fífẹ̀, sílípáàsì, àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dúdú kan tí mo gbé sókè wò, tí mo sì tún rọra gbé kalẹ̀. Mo bi í pé ṣé ti ọmọlangidi Tọ́lá nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní alẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń múra dáadáa lórí ọkọ̀ náà tí wọ́n bá fẹ́ lọ jẹun. Lọ́sàn-án, níkà àti ẹ̀wù péńpé ni tolówó-tálákà ń wọ̀, ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń wà nínú aṣọ ìwẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó wà lórí itan mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí. Ó ti gbó, ó wúwo, ooru á pa yín. Gbogbo èèyàn á kàn máa wò wá ni."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn," ni mo dá a lóhùn.

Kò yé e, mi ò sì bá a jà. Ìgbà wo ni yóò ti yé e? Ẹ̀yin ọmọ òde òní náà, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Kíjìpá ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Aṣọ òwú tó nípọn ni, tí àwọn obìnrin máa ń hun nínú ilé, lórí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri. Kì í dán, kì í rọ̀, kì í sì í ya bọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló hun ún, ní ìlú wa kékeré létí ọ̀sà, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá pa ojú dé báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbún òwú mọ́ra: kì, kì, kì. Ìró yẹn ló máa ń gbé mi sùn lórí ẹní lọ́sàn-án, òun náà ló sì máa ń jí mi. Gbogbo obìnrin tó ń hunṣọ lágbègbè wa ló ní àmì ọwọ́ tirẹ̀. Ti Ìyá Àgbà, aró tó dúdú kirikiri ni, òwú funfun mẹ́ta á jọ máa rìn lọ létí rẹ̀, pupa kan á sì há sí àárín wọn. Wọn ò mọ ìwé, wọn ò kọ orúkọ kankan sí i. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ti sá aṣọ yẹn sórí okùn, ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á ní, "Ẹ ò rí i, ọwọ́ Ìyá Olówùú nìyẹn." Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nìyẹn.

Ẹní ni ìyá mi ń tà, Èkó ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Kò tíì sí títì gidi nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló ń gbé èrò. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ ọkọ̀! Kí oòrùn tó yọ la ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìkùukùu, kó tó di pé a rí i, gbogbo ìlú á sì tú jáde lọ sí èbúté bí ẹni pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ Èkó á ti wọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, gèlè wọn á le bíi páànù, àtíkè á funfun lójú. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń wọ bàtà gogoro. Àwọn atukọ̀ ló máa ń pọ̀n ọ́n kọjá ẹrọ̀fọ̀ kí bàtà má bàa bà jẹ́, àwa ọmọdé á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ìyá mi á wá yọ, pẹ̀lú ẹní lórí, kíjìpá ní ìdí.

Ojú máa ń tì mí, kí n má parọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa mọ òwe yẹn dáadáa: "Òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ." Òfì tibí, aṣọ òkè ni, kì í ṣe igi ìhunṣọ. Wọ́n á máa fi ṣe orin lé mi lórí títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìyá mi tó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ! Lọ́jọ́ kan, mo fa ìyá mi láṣọ, mo ní, "Màámi, ẹ wọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tiyín náà." Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Orí ilẹ̀ ni fẹ́lífẹ́ẹ̀tì wà fún," ni wọ́n wí. "Omi ò mọ arẹwà. Aṣọ téèyàn bá máa wọ̀ sórí omi, kó jẹ́ èyí tí ará ilé ẹni lè rí lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n ní, 'Tiwa nìyẹn.'"

Mo rò pé ahun ni wọ́n ń ṣe.

Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìjì kan jà lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ìyá mi àti àwọn yòókù bọ̀ láti Èkó kò dé. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọlé, wọ́n ní ìjì ti dojú ọkọ̀ dé ní ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀ jù. Oníbàtà gogoro dé, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn wọ̀lú. Àwọn yòókù ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kò dé.

Ìyá Àgbà dìde nídìí òfì, wọn ò sì padà síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Bí ilé wa ṣe dákẹ́ nìyẹn. Èmi lọ jókòó sí èbúté. Omi náà ń dán, ó tẹ́ rẹrẹ, bíi pé kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìkùukùu àárọ̀, gbogbo òjìji tí mo bá rí ló ń jọ aró lójú mi: ewéko tó ń léfòó, ẹ̀yìn ẹyẹ, ìdí ọkọ̀ apẹja. Ebi kì í pa mí, oorun kì í kùn mí, mo kàn ń wò ni. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀ tí mo bá ń kọjá. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ohùn rírẹ̀ sílẹ̀ túmọ̀ sí.

Àfi bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ṣe yọ láti òdìkejì ọ̀sà lọ́jọ́ kan. Obìnrin apẹja kan ló wà nínú rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ó gun èbúté, ó na nǹkan kan sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kíjìpá ni. Aró dúdú, funfun mẹ́ta, pupa kan. Aṣọ nìkan, ìyá mi ò sí nínú rẹ̀. Mo ké igbe kan tí gbogbo àwọn tó wà lódò fi sáré jáde.

"Dákẹ́, ọmọ mi, dákẹ́!" obìnrin náà ní. "Ó wà láàyè! Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo gbé aṣọ yìí káàkiri ọjà, wọ́n ní ọwọ́ Ìyá Olówùú ni. Ta ni Ìyá Olówùú níbí?"

Àgbá òfìfo kan ni ìyá mi rí dì mọ́ nígbà tí ọkọ̀ dojúdé. Wọ́n fi kíjìpá so ara wọn mọ́ ọn, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n sì fi ara wọn fún Ọlọ́run. Aṣọ mìíràn ìbá ti ya. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, inú ọkọ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, aṣọ náà ló sì bò wọ́n. Mo di etí aṣọ náà mú. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n nà mí díẹ̀, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Kódà bí ìyá mi bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílé wa, kò sì sinmi bọ̀rọ̀. Gbogbo obìnrin tó ń wọkọ̀ ló ń wá bẹ Ìyá Àgbà fún kíjìpá, wọ́n á wọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n á wá ró kíjìpá lé e lórí. Ọ̀lẹ pọ̀ nílùú wa lọ́dún náà!

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán, Bọ́lá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti bọ́ bàtà. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì to níkà lé e lórí. "Ẹ ṣáà fún níkà náà ní chance," ló ní.

A wakọ̀ lọ sí Florida, mo tún ìtàn náà sọ fún Tọ́lá lójú ọ̀nà, a sì wọ ọkọ̀ afẹ́ náà. Ọkọ̀ kọ́ o, bíi kí wọ́n gbé gbogbo Tucker, ìlú tó wà nítòsí wa, ilé àti ṣọ́ọ̀bù, léfòó lórí òkun ni. Lọ́sàn-án, bí Bọ́lá ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo bá a: níkà, ẹ̀wù olódòdó, àkẹtẹ̀, gíláàsì dúdú, ikùn àwọn bàbá níta gbangba, àwọn ìyá tó jù mí lọ nínú aṣọ ìwẹ̀ tí wọn ò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ níkà. Kí n sọ òtítọ́, atẹ́gùn kan orúnkún mi tí kò rí oòrùn látìgbà tí mo ti lọ́kọ, ó sì dùn mọ́ mi. Mo wá ró kíjìpá lé e lórí, mo jókòó sórí àga gbọọrọ. Bọ́lá wò mí, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

Òkun àti òfuurufú ti di ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, ooru mú, ojú mi ń kú lọ. Mo ń gbọ́ òfì Ìyá Àgbà: kì, kì, kì. Okùn àsíá ló ń lu òpó, mo mọ̀, síbẹ̀ mo jẹ́ kó jẹ́ òfì. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà nígbà tí Bọ́lá dé pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mummy, Tọ́lá wà lọ́dọ̀ yín? A ò rí i!"

Aṣọ ìwẹ̀ aláwọ̀ osùn ni Tọ́lá wọ̀. Mo wo ìdí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ orí ọkọ̀, ìdajì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló wọ irú rẹ̀. Bọ́lá sáré gba ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ sáré gba òsì. Èmi ò lè sáré. Mo dìde, mo tú kíjìpá ní ìdí mi níṣojú gbogbo ayé, mo lọ sí ibi irin tó ga jù lórí ọkọ̀ náà, mo sì ta aṣọ náà gbalaja sórí rẹ̀, bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń sá a. Mo dúró níbẹ̀ nínú níkà. Ẹni tó bá fẹ́ wo itan arúgbó, kó máa wò ó.

Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti rí Tọ́lá. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan ló dì í lọ́wọ́ mú, omijé bò ó lójú, ó sì ń nàka sókè, sí aṣọ náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò dì mọ́ ìyá rẹ̀, kò dì mọ́ èmi. Etí aṣọ ló dì mú. Bọ́lá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

A ti padà sí Lithonia báyìí. Níbi tí ìlú wa wà, àfárá ti dé, mọ́tò ló ń gbé èrò lọ sí Èkó. Èbúté ti wó. Òfì Ìyá Àgbà, àwọn èèyàn ti fi igi rẹ̀ dáná tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń hun kíjìpá mọ́, àwọn tó lè rí aṣọ yẹn lójú ọ̀nà kí wọ́n mọ ọwọ́ tó hun ún sì ti kú tán. Mo máa ń rò pé èmi nìkan ló kù.

Bọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ iyọ̀ òkun kúrò lára kíjìpá náà, kò gbé e sínú ẹ̀rọ. Mo lọ sá a sórí igi pẹpẹ ẹ̀yìn ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alábòójútó àdúgbò wa kò fẹ́ rí aṣọ níta. Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé já Tọ́lá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ ní kọ́nà. Ọmọ kejì nàka, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni nǹkan dúdú tó wà lẹ́yìn ilé yẹn. Ohùn Tọ́lá wọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń wọ́ tó bá ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ ketekete láti ibi tí mo dúró sí.

"Tiwa nìyẹn," ló ní.