Ọkàn Tó Balẹ̀ ní Wilhelmsburg

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìwádìí ní Berlin. Ó ku bí ọdún méjì kí kòrónà dé nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan fún èmi àti ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ní Tempelhof. Ìwé náà ń bi àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe léèrè bí ayé ṣe rí lára wọn, a sì fẹ́ kó yé àwọn aláìsàn tó ń sọ èdè Ṣáínà. Ará Ṣáínà làwọn òbí ọmọbìnrin yìí, àmọ́ Jámánì ni wọ́n bí i sí. Ìdí ààrò ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ìwọ̀nba èdè tó gbọ́. Òun ló túmọ̀ ìwé náà.

A gbé e lọ sí Hamburg, sọ́dọ̀ bàbá ará Ṣáínà kan ní Wilhelmsburg tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kúùkù. Kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá sáré gbá mi mú, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Nígbà tí wọ́n dáhùn tán, mo wo ìwé náà, àyà mi já. Níbi tí a ti béèrè bóyá wọ́n máa ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n fàmì sí “nígbà gbogbo.” Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti fa fóònù yọ. Bàbá ń po tíì, wọ́n ń kọrin.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà tú ìbéèrè yẹn fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ.

“Ṣé ọkàn yín máa ń wá sílẹ̀?”

Ẹ̀rín pa mí. “Lédè tiwa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ni ara tù!”

Ó bi bàbá. Bàbá sọ̀rọ̀ títí, ojú wá ti ọmọ náà.

“Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti wálẹ̀ látìgbà tí ọmọ àwọn ti ríṣẹ́. Wọ́n tún ní ta ló kọ́ mi lédè.”

Ó wá bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n máa ń banú jẹ́. Bàbá ní, “Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ.” Wọ́n bu tíì fún wa.

Nígbà tí a padà dé Berlin, ọ̀gá wa, obìnrin Jámánì tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní báwo ni Yorùbá ṣe ń sọ pé èèyàn rẹ̀wẹ̀sì.

“À ń sọ pé inú èèyàn bàjẹ́. Inú yẹn náà la fi ń pe ikùn.”

Ó gbé bírò sókè. “Ó dáa. Tó bá kan tiyín, abẹ́ ìgbẹ́ gbuuru la máa kọ ọ́ sí.”

Mi ò tíì mọ̀ bóyá àwàdà ni.